Iná Oko Àlàbí nínú Kíláàsì Bọ́ǹbù

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bí mo bá ní òyà mẹ́ta ni mo pa, ìkòkò tó gba ìdajì òyà ni kí ó lọ wá. Mi ò fi bò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ máa yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ohun tí mo bá sọ nípa òtútù, nípa ajá tó ń wọ ẹ̀wù àti nípa òkè ìlú wa. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí orúkọ àbúrò mi, Àlàbí, ẹ má yọ nǹkan kan. Irọ́ tí mo ní láti pa níbẹ̀, mo ti pa á tán kí n tó kúrò nílé, ọdún mọ́kànlá ni mo sì fi jìyà rẹ̀.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí mo dé Faransé. Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo dé, ó tán. Ìlú tí mo bọ́ sí wà ní àríwá pátápátá, níbi tí oòrùn ti máa ń yọjú bí ẹni tó ṣi ilé yà. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀wù mẹ́rin ni mo ń wọ̀ lórí ara wọn. Bí ẹ̀yìn bá ń yún mi, àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà wọlé. Kí ọwọ́ mi tó dé awọ, ọ̀sán ti pọ́n, ibi tó ń yún mi sì ti gbàgbé ohun tó fẹ́.

Kì í ṣe òtútù ló dà mí láàmú jù. Ìkíni ni. Ní ilé wa, kí ènìyàn tó ti ìdí òkè rìn dé ọjà, ètè rẹ̀ ti gbẹ: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú àtijọ́. Lọ́hùn-ún, mo gbé ogún ìkíni jáde láàárọ̀, mo gbé mọ́kàndínlógún bọ̀ wálé. Mo fi wọ́n kí ìkòkò, mo fi wọ́n kí àga, mo fi ìyókù kí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn nìkan ló dáhùn, torí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi epo sí i lẹ́sẹ̀ kẹ́yìn. Ẹyọ kan tí mo rí gbé fún ẹni lójú ọ̀nà, ajá ló gbà á. Ó wọ ẹ̀wù òwú onírun tó dára ju tèmi lọ, ó sì mi ìrù.

Àjà kẹfà ni yàrá mi wà. Obìnrin àgbà kan ń gbé lódìkejì ògiri. Mo mọ ìgbà tó ń wúkọ́, mo mọ ìgbà tó ń ṣí fèrèsé, mi ò mọ ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ohun tí mo fi ń ṣáná sí gáàsì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mú páànù kan, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ní kí ó jọ̀wọ́ fún mi níná. Ó wo páànù, ó wo ojú mi, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní ó ti parí, ọlọ́pàá ń bọ̀. Ó ṣí i padà, ó na bìríkẹ̀ kan sí mi, nǹkan kékeré tí àwọn amusìgá ń fi ọwọ́ tẹ̀ tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n máa mú un lọ, kò nílò rẹ̀.

Mo dáná tán, mo dá a padà. Ní ọjọ́ kejì, mo tún kan ilẹ̀kùn. Ó ní ṣé òun kò sọ fún mi pé mo lè mú un lọ pátápátá ni. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ó wù mí kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n máa wá gbà á. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Àmọ́ kí òtútù ọdún yẹn tó parí, òun ló ń kan ilẹ̀kùn mi bí mo bá pẹ́, á ní ṣé mi ò ní jẹun lónìí ni. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ní Faransé nìyẹn. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mi ò fẹ́ kí bìríkẹ̀ kankan sùn nínú yàrá mi.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ń pe ilé. Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó Àlàbí, ló ń gbé fóònù. Á ní, "Ọkọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," á sọ ẹni tó bímọ, á sọ ẹni tó kú, á sọ bí iṣu ṣe ta àti bí wọ́n ṣe ń ra kajú lọ́dún yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ rédíò, mo sì ń gbọ́ ikọ́ Àlàbí, ikọ́ kúkúrú méjì bíi ti bàbá wa. Mo máa ń ní kí ó bá mi kí i. Á ní òun á kí i. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kí i, mo sì ń gbọ́ bí kò ṣe dáhùn. Ọdún mọ́kànlá, ọmọ ìyá mi ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Iná kan ló jó láàárín wa. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá ní gbogbo ọdún yẹn ni kí ó gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kí ó pè mí ní Ẹ̀gbọ́n.

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, ibi tí wọ́n ń pè ní fáàkì. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìgba sẹtifíkà nítorí ebè iṣu, èmi ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Mò ń gbálẹ̀, mò ń tún àga ṣe, mò ń nu pátákó ìkọ̀wé. Inú nínu pátákó ni mo ti tún ìwé kà. Bí olùkọ́ bá ti jáde, màá dúró, màá ka ohun tó kọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń dé. Ẹ wo iye ìmọ̀ tó wọ orí mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yẹn ni Madamu Elén, obìnrin tínrín tó máa ń gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí irun. Bọ́ǹbù ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é o. Ó ń kọ́ wọn nípa bọ́ǹbù átọ́míìkì, èyí tí ẹyọ kan rẹ̀ lè pa odindi ìlú rẹ́: àwọn orílẹ̀-èdè tó ní in, àwọn tó ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní ṣe é láéláé, ohun tó ń mú kí ẹni tó ní in má jù ú, àti ohun tó lè mú kí ó ṣèèṣì jù ú. Ó sọ fún wọn pé níbì kan, sójà méjì ni yóò jọ yí kọ́kọ́rọ́ méjì nígbà kan náà kí ohun burúkú yẹn tó lè gbéra, kí orí ẹnì kan ṣoṣo tó gbóná má bàa sun ayé. Ó sọ fún wọn pé àwọn ọ̀tá méjì ta okùn tẹlifóònù sáàárín ara wọn, kí wọ́n lè bi ara wọn léèrè kí wọ́n tó bínú. Mo dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ yẹn, Bóni ni mò ń rí, oko èmi àti Àlàbí, tí ewé kajú gbígbẹ bo ilẹ̀ nínú ọyẹ́.

Ọjọ́ kan wà tó kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kejì ò purọ́?" Mo nu gbogbo ìyókù, mi ò nu ìyẹn. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Madamu bi mí ìdí rẹ̀. Mo ní ẹfun tó fi kọ ọ́ le jù, àfi kí wọ́n ra ọṣẹ míì. Ó wò mí, ó fa gíláàsì rẹ̀ wá sójú, ó tún wò mí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ife kafé gbígbóná sílẹ̀ dè mí.

Àwọn ọmọ náà ń pè mí ní Tọ́ńtọ́n, ìyẹn ni pé bàbá kékeré. Mo sọ fún wọn pé òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ń mí, pé bí ó bá mí kanlẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Párákú á dúró kí ó kọ́kọ́ mí tán. Mo sọ fún wọn pé nígbà ogun ayé àtijọ́, àwọn bàbá wa sá gun òkè yẹn, òkè sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí ọ̀tá má baà rí ibi gùn. Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ọmọbìnrin kan, Kamíìlì, máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Mo máa ń bẹ̀rù ọmọ tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìgbà kan dé tí Madamu ní kí wọ́n fi bọ́ǹbù ṣeré. Ó pín wọn sí orílẹ̀-èdè méjì, ó fún tábìlì kọ̀ọ̀kan ní àpò ìwé pupa kan. Bọ́ǹbù wọn nìyẹn. Ẹni tó bá ya àpò tirẹ̀ ti jù ú. Kamíìlì ni ààrẹ ìhà kìíní. Ọmọkùnrin tó yẹ kó jẹ ààrẹ ìhà kejì kò wá, wọ́n ní inú ń run ún. Madamu bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ ààrẹ fún wákàtí kan." Mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo jókòó. Mo mọ àwọn tó jẹ ààrẹ tí wọn ò mọ ìgbálẹ̀ dì mú.

Eré ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. A fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n fèsì. Lẹ́yìn náà ni Madamu gbé ìròyìn kan fún èmi àti àwọn ènìyàn mi: ẹ̀rọ tí a fi ń ṣọ́ òkè ti rí nǹkan kan lójú ọ̀run tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìhà kìíní. Ó lè jẹ́ bọ́ǹbù. Ó lè jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ ló ṣe bàìbàì. A ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn ọmọ tó ń gbà mí nímọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi létí. Ọ̀kan ní kí n yà á. Ọ̀kan ní kí n dúró. Ọ̀kan ń ka ìwé. Mo wo àpò pupa yẹn, mo sì rí bìríkẹ̀ pupa kan tí mo ti mọ̀ rí. Mo dìde, mo mú un dání, mo rìn la àárín kíláàsì kọjá, mo gbé e síwájú Kamíìlì.

Mo ní, "Ẹ bá mi tọ́jú iná mi."

Kamíìlì ní, "Tọ́ńtọ́n, ẹ ti pàdánù nìyẹn. Bọ́ǹbù méjèèjì ti wà lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Mi ò tíì pàdánù. Ó ku kí ẹ gbé tiyín fún mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Madamu kò rín. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ọmọ iléèwé, ó ní kí n sọ ibi tí mo ti rí ìyẹn.

Mo sọ fún wọn. Mo ní ní apá ọ̀dọ̀ wa, bí ọyẹ́ bá dé, olóko gbọ́dọ̀ sun koríko ààlà oko rẹ̀ kí iná ìgbẹ́ má baà wọ inú kajú. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹni tí oko wa bá pa ààlà, ìlànà kan wà láàárín wa tí a bá lọ́wọ́ bàbá wa. Ènìyàn kì í fi iná ilé ara rẹ̀ sun ààlà. Inú ilé ìdáná ẹnì kejì ló ti ń lọ gbà á. Wàá mú àpáàdì dání, wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá ní, "Ẹ fún mi níná." Òun á bi ọ́ pé atẹ́gùn ńkọ́. Bí atẹ́gùn bá le, kò ní fún ọ. Bí ó bá rọlẹ̀, á kó ògúnná sínú àpáàdì rẹ, á já ewé tútù, ẹ ó sì jọ lọ jókòó ti iná náà títí yóò fi kú. Nítorí náà, kò sí iná tó ń jó láàárín oko méjì tí kì í ṣe ọwọ́ méjì ló gbé e. Bí ẹ bá wà nínú ìjà, àfi kí ẹ parí ìjà kí ẹ tó lè sun oko.

Ọmọ kan béèrè bóyá kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ rí.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti gbé mi lọ. Mo ní àwọn arákùnrin méjì kan wà rí ní Bóni. Kajú àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so dáadáa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná wọ inú rẹ̀, kò ku igi kan. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹ̀gbọ́n lójú. Ẹ̀gbọ́n ní òun kọ́, àwòdì ni. Ó ní òun fi ojú ara òun rí àwòdì kan tó fi ẹsẹ̀ gbé igi tó ń jó láti oko ọdẹ, tó ń wá eku tí yóò lé jáde, tó sì jù ú sáàárín kajú. Mo na apá, mo ṣe bí àwòdì. Mo yí kíláàsì po. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ bí igi iná. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan já bọ́ lórí àga.

Kamíìlì kọ ọ́ tán, ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Àbúrò yẹn, ṣé ó gba ti àwòdì gbọ́?"

Mo ní àkókò ti tó, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni.

Mo ti ní kí ẹ má yọ nǹkan kan níbi tí Àlàbí bá wà, ẹ gbọ́ bó ṣe rí nísinsìnyí. Igi kajú kan ló hù sórí ààlà wa. Èmi ká èso rẹ̀, Àlàbí ní ìhà tòun ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, a sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí ara wa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, koríko ààlà ti gbẹ, ó sì yẹ kí n sun ún. Ojú tì mí láti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àpáàdì lẹ́yìn ohun tí ẹnu mi ti sọ. Mo ní ta ni yóò mọ̀. Mo ti ra bìríkẹ̀ pupa kan ní Párákú. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè pé atẹ́gùn ńkọ́. Igi tí Àlàbí ti fi ọwọ́ gbìn látìgbà tí Bọ́sẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ jó di èédú níṣojú mi, mo ń fi ewé na iná, mo ń ké pe orúkọ rẹ̀, ìgbà tó fi máa sáré dé, kò sí igi tí ẹnì kankan lè gbà là mọ́. Ó bi mí níṣojú àwọn ènìyàn pé ta ló dáná. Mo ní àwòdì. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, nítorí pé èmi ni. Àlàbí ò rẹ́rìn-ín. Ó yípadà, ó lọ, ó sì gbé ohùn rẹ̀ dání lọ.

Ẹ̀yìn kajú yẹn ni mo wá Faransé. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé iṣẹ́ ni mo wá. Mo ti sọ ọ́ títí mo fi fẹ́ gbà á gbọ́.

Madamu Elén gbé kafé wá bá mi nínú yàrá ìgbálẹ̀. Kò bi mí léèrè ta ni ẹ̀gbọ́n yẹn. Ó ní nínú gbogbo àdéhùn tí òun ń kọ́ àwọn ọmọ náà, ohun kan ló máa ń ṣáájú: kí oníkálukú kọ ohun tó ní sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni àwọn olùbẹ̀wò tí wọ́n ń rán lọ yẹ bọ́ǹbù wò fi ń mọ ibi tí wọ́n máa wò. Bí kò bá sí ìyẹn, gbogbo ìyókù, ìwé lásán ni.

Mo ní, "Bí ẹnì kìíní bá sọ tirẹ̀ tán ńkọ́, tí ẹnì kejì bínú?"

Ó ní, "Ó lè bínú. Ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tó ń bínú sí."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú kíláàsì. Mo dúró níwájú pátákó, mo ní, "Kò sí àwòdì. Èmi ni ẹ̀gbọ́n yẹn." Ní èdè Faransé ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì dun ẹnikẹ́ni rí ní èdè yẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kamíìlì fi kálàmù sílẹ̀, kò kọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ará wa tó wà lókè òkun ń jiyàn pé ibo ni ilé. Ẹnì kan á ní ibi tí wọ́n ti bí i, ẹnì kan á ní ibi tí ìwé rẹ̀ wà. Ní tèmi, láàárín ìlú tí ilẹ̀kùn nìkan ti ń dá mi lóhùn, ó yé mi pé ilé mi ni ibi tí ẹnì kan ti ní ẹ̀tọ́ láti fi iná dù mí. Mo sì ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ Àìkú dé. Mo pe ilé. Ìyá Bọ́sẹ̀ kí mi tán, mo ní kí ó gbé fóònù sí etí Àlàbí, kí ó má sọ pé èmi ni.

Ó ní, "Ọkọ mi, ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń gbé àga rẹ̀ wá sí ibi tó ti lè gbọ́ yín."

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá, mi ò mọ̀ pé ẹnì méjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ tí rédíò kú. Mo gbọ́ èémí. Mo ní, "Àlàbí, kò sí àwòdì. Èmi ni mo dáná. Ojú tì mí láti wá gba iná nílé rẹ, mo sì fi bìríkẹ̀ ṣá a. Èmi ni."

Ó dákẹ́ débi pé àgbébọ̀ kan sọ̀rọ̀ nínú ọgbà, mo gbọ́ ọ láti Faransé. Ẹ lè yọ díẹ̀ nínú ìyẹn bí ẹ bá fẹ́.

Àlàbí ní, "Àwọ̀ wo ni bìríkẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Pupa."

Ó wú ikọ́ rẹ̀ méjì. Ó ní, "Orí irin rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Inú eérú ni mo ti rí i lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú díẹ̀ lára pupa rẹ̀ tó yọ́ mọ́ ọn. Mo ń dúró kí ẹ sọ ọ́."

Ó tún ní, "Látìgbà yẹn, ọkọ́ ni mo fi ń ro ààlà. Mi ò sun ún rí. Ilé ìdáná yín tutù, mi ò rí ibi tí màá ti gba iná."

Mo ní kí ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi, kí ó wọlé, kí ó tan iná sí ààrò mi, kí ó sì bù ú níbẹ̀, mo ti fún un.

Ó ní, "Èmi tí mo tàn án náà ni màá tún gbà á lọ́wọ́ ara mi? Ìyẹn kì í ṣe ìlànà. Ẹ wá tan iná sílé ìdáná yín, Ẹ̀gbọ́n."

Ó dá fóònù padà fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń sunkún, ó sì tún ń bi mí ṣé mo ti jẹun.

Madamu Elén pe gbogbo kíláàsì jọ ní ọjọ́ tí mò ń lọ. Wọ́n fún mi ní àpò ìwé pupa yẹn, tí wọn ò tíì ya. Mo kan ilẹ̀kùn obìnrin ara ògiri mi, mo dá bìríkẹ̀ rẹ̀ padà nígbà ìkẹyìn. Ó ní ta ni yóò wá máa gba iná lọ́wọ́ òun báyìí. Mo ní ẹni tó máa gba yàrá mi, kí ó kọ́ ọ ní ìlànà.

Mo dé Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ọyẹ́. Òkè wà níbi tí mo fi í sí. Mo gbá ilé ìdáná mi fúnra mi, iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù lọ láyé. Mo tan iná sí ààrò, mo jókòó tì í.

Ó di ìgbà tí oòrùn wálẹ̀ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀. Àlàbí ti darúgbó. Mi ò mọ̀ pé fóònù máa ń fi irun funfun pa mọ́. Àpáàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe yẹ.

Ó ní, "Ẹ fún mi níná."

Mo ní, "Atẹ́gùn ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ti rọlẹ̀."

Mo kó ògúnná mẹ́ta fún un. Ọ̀kan jábọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á. A já ewé tútù, a lọ sí Bóni. Kajú tuntun ti wà níbẹ̀, ó ga jù mí lọ. Àlàbí ti tún un gbìn láti ọdún kìíní, Ìyá Bọ́sẹ̀ ò sọ fún mi rí, bóyá ọkọ rẹ̀ ló ní kí ó má sọ. A fi iná sí ààlà, a jókòó tì í pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, bíi ti ìgbà tí bàbá wa wà láàyè.

Iná ti fẹ́ kú tán nígbà tí àwòdì gidi kan dé, tó ń fò yí èéfín ká, tó ń wá eku. Mo rí i. Mo mọ̀ pé Àlàbí náà rí i. Mo tẹ ojú mọ́lẹ̀, mo ń fi ewé na ibi tí kò sí iná.

Àlàbí fi ìgbúnwọ́ gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wòkè. Ẹlẹ́rìí yín ti dé."

Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ikọ́ fi gbé e, mo ń gbá a lẹ́yìn, omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì nítorí èéfín. Nítorí èéfín nìkan kọ́. Ẹ má yọ nǹkan kan níbẹ̀.